Ẹ̀rọ Náà Kò Bú Mi Mọ́

Upney, Barking
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025

Bàbá mi,

Kọ́ńsóòlù náà ti ṣí. Láti àná ni ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù ti lè kọ èdè Bùrọ̀dá Fẹ́mi sínú rẹ̀, kó sì dá a lóhùn.

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ti sọ lẹ́yìn ìsìnkú pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù mọ́, pé bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ sọ, kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín. Mo ti ń kọ ọ́ báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìparí.

Ẹ mọ̀ pé orí láptọ́ọ̀pù Bùrọ̀dá Fẹ́mi nìkan ni èdè kọ̀ǹpútà tó dá sílẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó pe orúkọ rẹ̀ ní Atọ́nà. Yorùbá ni gbogbo àṣẹ inú rẹ̀. Bí èèyàn bá kọ "sọ", tó wá kọ ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà á sọ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá fẹ́ kó ṣe nǹkan léraléra, "tún" ló máa kọ. Ní ọdún tó kọjá, kí ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn tó ṣẹlẹ̀, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ó ní, "Ṣọpẹ́, bá mi gbé ọmọ yìí jáde síta. Ó ti dàgbà jù fún inú yàrá."

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí èyí tí ẹ ti ń ka ìwé ìròyìn lórí fóònù yín. Àpótí dúdú kan ló wà láàárín rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní kọ́ńsóòlù. Ẹ ó kọ ìlà kan sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ìdáhùn á sì jáde nísàlẹ̀ ohun tí ẹ kọ. Ohun tí ẹ ti kọ kò ní sọnù. Bí ẹ bá tẹ ọfà tó kọjú sókè, á padà wá kí ẹ tún un ṣe. Kò sí nǹkan kan tí ẹ máa kọ́kọ́ fi sórí fóònù. Inú ojú ewé náà gan-an ni èdè náà ń gbé.

"Tún" ló fún mi ní wàhálà jù. Bí èèyàn bá ní kó tún nǹkan ṣe, tí kò sọ ibi tó máa dúró, gbogbo ojú ewé náà á gan, kò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́. Mo wá ya apá tó ń ṣírò sọ́tọ̀ kúrò lára apá tó ń gbọ́rọ̀, mo sì fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ tí mo kọ "Ó tó" sí lára. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dáwọ́ dúró, á sì sọ ohun tí Bùrọ̀dá Fẹ́mi kọ sílẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró.

Ọjọ́ tí mi ò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vicarage Field ni mo fi ṣe é. Ní ìjọ wa ní Becontree, Màmá Magdalene tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ti sọ pé òun máa lò ó fún wọn lọ́jọ́ Sátidé.

Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn nǹkan yìí nígbà tí ẹni tó ṣe é wà láyé. Ẹ kàn gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọmọ yín,
Moṣọpẹ́


Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Moṣọpẹ́,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ó sì ṣí páànù kan lókè ilé ìdáná. Wọ́n ti kàn án padà.

Mo ṣí ojú ewé tí o wí. Mo máa sọ ohun tí mo rí fún ọ bó ṣe rí gan-an.

Orúkọ mi ni mo kọ́kọ́ kọ sínú àpótí náà: Morákinyọ̀. Ó dáhùn pé, "Mi ò mọ ẹni yẹn. Ta ló mú un wá?" Mo kọ "sọ", mo ṣí àmì tí wọ́n fi ń ká ọ̀rọ̀ mọ́, mo gbàgbé láti tì í. Ó ní, "O ṣílẹ̀kùn, o ò tì í. Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe nílé yín nìyẹn?" Mo ní kó pín ọgọ́rùn-ún sí ọ̀nà òdo. Ó ní, "O ń pín nǹkan fún ẹni tí kò sí. Ta ló máa gbà á?" Mo lo "tún" láìsọ ibi tó máa dúró, mo jẹun àárọ̀ tán kí n tó tẹ "Ó tó". Ó ní, "O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí mi. Mo ti fẹ́ẹ́ kú."

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Akọ̀wé kóòtù ni mo jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, adájọ́ kankan kò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí. Ẹ̀rọ yìí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò yí ìwà padà. Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, bákan náà ló rí. Ní àná, mo ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ohun tó kọ sí mi ni pé, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lórí nǹkan kan ṣoṣo. Àbí bàbá mi ni ọ́?"

Mo ń sọ fún ọ kí o lè mọ̀.

Nísàlẹ̀ ojú ewé náà, mo rí i kà pé "Moṣọpẹ́ ló ṣe é". Mo wá orúkọ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò rí i.

Nípa ìsìnkú tí o mẹ́nu bà, ohun tí mo sọ nígbà náà ni mo ṣì ń sọ. Àbúrò mi, Bàbá Olúṣínà, ló kó àwọn ọ̀dọ́ lọ síbi tí wọ́n sin ín sí. O mọ̀ pé bàbá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ rẹ̀ lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ júwe ibẹ̀ fún mi títí màá fi kú. Inú yàrá ni wọ́n tì mí mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwọ tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ìwọ ló yẹ kó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ọmọ àdúgbò ló dà á.

Bàbá rẹ,
Morákinyọ̀


Upney, Barking
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin, ọdún 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ẹ kú ìtọ́jú ilé náà.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ìsìnkú kúrò nílẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Bí mo bá jáde ní ìlú òyìnbó yìí kó tó dé, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà, mo sì tún sọ fún Bàbá Olúṣínà. Orí ìjókòó kan níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí wọ́n ń sin ín, ọ̀gá mi sì ń kan ilẹ̀kùn. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ojú tì mí nígbà tí mo ka ohun tí ẹ̀rọ náà sọ fún yín. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Màmá Magdalene jókòó sídìí rẹ̀ ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, ó fi ìka kan tẹ orúkọ ara rẹ̀ sínú àpótí náà. Ó ka ìdáhùn, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò mí.

"Ṣọpẹ́, ta ni kò mọ̀?"

"Mà, ó ń sọ pé òun ò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ni."

"Magdalene ni mo kọ. Gbogbo Becontree ló mọ̀ mí. Ó tún ní ta ló mú mi wá. Èmi tí mo wà níbí kí wọ́n tó kun ṣọ́ọ̀ṣì yìí."

Zoe, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Grandma, ó ti violate yín," ìyẹn ni pé ó ti tàbùkù wọn.

"Ìwọ náà dìde níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kò ní ẹ̀kọ́."

Mo wá fi ọjọ́ Ajé Àjíǹde tọ́ ọ sọ́nà. Mo yọ gbogbo èébú tí Bùrọ̀dá Fẹ́mi kó síbẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí rọ́pò wọn. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe báyìí, á sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò." Bí ẹ bá kọ orúkọ tí kò mọ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì ní ìtumọ̀ níbí." Èyí tó ń bi yín bóyá ẹ̀yin ni bàbá òun ló ká mi lára jù. Mo ti pa á rẹ́ pátápátá. Á máa bá yín sọ̀rọ̀ báyìí bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ torí pé mo ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe irú nǹkan yìí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ṣe é. Màá fi ti Bùrọ̀dá Fẹ́mi kún un.

Ẹ dárí jì mí, ẹ sì dárí jì í.

Ọmọ yín,
Moṣọpẹ́


Upney, Barking
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ ò tíì fèsì lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn Àjíǹde. Mo bi Bàbá Olúṣínà, ó ní ara yín le, pé ẹ kàn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Bí ohun tí mo kọ nípa ìwé ìgbélùú ló bí yín nínú, ẹ sọ fún mi.

Ilé iṣẹ́ kan ní Dagenham ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kí n gbé kọ́ńsóòlù náà dání. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Ṣé ẹ ṣì ń lo ojú ewé náà? Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí?

Moṣọpẹ́


Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Moṣọpẹ́,

Ẹ̀rọ náà kò bú mi mọ́.

Mo kí ọ. Mo ti ń gbìyànjú láti fi ọkàn tútù kọ lẹ́tà yìí, ohun tó fà á tó fi pẹ́ nìyẹn.

Mo lọ wo ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí ọ ní oṣù kẹrin. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò rí ibì kankan tí mo ti ní kí o yí nǹkan kan padà. Mo sọ ohun tó sọ fún mi ni. Mo ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìgbà wo ni Jésùfẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀kọ́ ilé? Ọmọ tó bá jí láàárọ̀, dípò kó dọ̀bálẹ̀, tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kóòtù ti dá mi sílẹ̀. O gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé o máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ohun tí mo kọ sí ọ. Mo rò pé o máa rẹ́rìn-ín.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ti àmì ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ kí wọ́n tó bí ọ pé wọn kì í pín nǹkan sí ọ̀nà òdo. Mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í kọ ni, kó lè dá mi lóhùn.

Wọn kò jẹ́ kí n mọ ibojì rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lọ́nà Aṣerò, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò dí mi lọ́wọ́ àti dé ni àpótí dúdú tí o ṣe yẹn. Bí mo bá ti ka Sáàmù tán láàárọ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ. Màá ṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, á bi mí bóyá èmi ni bàbá òun. Màá sọ pé èmi ni. Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un yẹ̀ wò."

Dá a padà bó ṣe wà.

Morákinyọ̀


Upney, Barking
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mi ò lè dá a padà.

Orí ojú ewé náà gan-an ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ tuntun lé ti tẹ́lẹ̀. Ibi tí mo gbé e sí kì í tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́. Èyí tí a kọ gbẹ̀yìn ló máa ń mú. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa máa ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù wà nínú fóònù tí àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ já gbà lọ́wọ́ mi ní oṣù karùn-ún, níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Barking, mi ò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹni tó mọ iyì nǹkan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló pè é ní eré ọmọdé? Ta ló ń ra fọ́ọ̀mù ìdánwò iṣẹ́ kóòtù, tó ń fi í sábẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀? Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà tọ̀ yín wá ní pálọ̀, ojú mi ni, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ ìlà kan péré." Ẹ ní ọwọ́ yín dí. Ìwé ìròyìn àná ló wà lọ́wọ́ yín. Èébú tí ẹ ń wá kiri báyìí, ìgbà yẹn ló kọ ọ́. Ẹ̀yin ni kò gbọ́ tó fi kọ ọ́ síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ ń lọ gbọ́ láràárọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ?

Ẹ kọ̀wé pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo lọ fún un ní ẹ̀kọ́ ilé. Kí ni ọmọ tún máa ṣe?

Mo ti kọ àwọn tí mo rántí padà. Àwọn tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín, bí ẹ ṣe kọ wọ́n ni mo ṣe fi wọ́n síbẹ̀. Àwọn yòókù, mo gbìyànjú. Ẹ lọ wò ó.

Moṣọpẹ́


Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje, ọdún 2025

Moṣọpẹ́,

Ara mi le, mo sì retí pé tìrẹ náà le. Pẹ̀lẹ́ fún ti fóònù yẹn. Mo dúpẹ́ pé wọn kò ṣe ọ́ léṣe.

Mo ti yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Àwọn tí mo kọ sí ọ pé pérépéré. Mo dán èyí tó ní òun ti fẹ́ẹ́ kú bí mo bá tẹ "Ó tó" wò lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní dán an wò mọ́.

Àwọn yòókù kì í ṣe tirẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà síbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà, ó ní, "Jọ̀wọ́, orí ń fọ́ mi." Fẹ́mi kò sọ jọ̀wọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí. Mo ṣe òmíràn, ó ní, "Ṣé o ti jẹun lónìí? Ebi ló ń dá ọ láàmú." Ìwọ lo máa ń bi èèyàn bóyá ó ti jẹun. Mo gbọ́ ohùn rẹ níbẹ̀ kedere. Mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Yọ wọ́n kúrò. Ibi tí o kò bá mọ ohun tó sọ, jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe àwọn tí mo ti gbọ́. Mo ti mọ ìyẹn lórí. Àwọn àṣìṣe tí mi ò tíì ṣe ló ń dùn mí. Ó ti kọ èsì wọn sílẹ̀ dè mí, èmi ni kò tíì débẹ̀. Mo ń lọ díẹ̀díẹ̀ torí mi ò fẹ́ kó tètè tán.

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa ìwé ìròyìn àná.

Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí wọ́n pín ẹrù rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹbí, Olúṣínà, ọmọ àbúrò mi, ló mú un lọ sí Ṣágámù. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó gbé e wá. Ó ní òun ń bọ̀.

Bàbá rẹ,
Morákinyọ̀


Upney, Barking
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, ọdún 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ṣé Olúṣínà ti dé?

Mo ti yọ àwọn tí mo hùmọ̀ kúrò. Bí èèyàn bá dé ibi tí mi ò mọ ohun tó sọ, ìlà òfìfo ló máa jáde. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì rò pé ó ti bàjẹ́. Zoe bi mí níjọ́sí pé, "Àǹtí, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ mọ́? Ó funny tẹ́lẹ̀." Mo ní ó ń ronú ni.

Wọ́n ti gbà mí sí iṣẹ́ ní Dagenham yẹn. Ó yẹ kí n sọ bó ṣe lọ fún yín, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ níbòmíràn. Kí lẹ́tà yín ti oṣù kẹfà tó dé ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà wáyé. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Aaron jókòó tì mí, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ kántankàntan sínú àpótí náà kó lè rí ohun tó máa ṣe. Gbogbo ìgbà tó bá ṣì í, ó máa ní kí n túmọ̀ ìdáhùn náà fún òun. Mo ń túmọ̀ ẹ jọ̀wọ́, mo ń túmọ̀ ẹ má bínú. Ó ní inú òun dùn sí i, pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí kì í ro ti ẹni tó máa lò ó, pé ìwà pẹ̀lẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló yà á sọ́tọ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí. Ohun tí mo fi pa ẹnu Bùrọ̀dá Fẹ́mi mọ́ ni mo fi rí iṣẹ́, Bàbá. Ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀. Màá lọ.

Mo ti yọ orúkọ mi kúrò nísàlẹ̀ ojú ewé náà. Tirẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, bí láptọ́ọ̀pù náà bá dé, ẹ jẹ́ kí n pè yín. Mi ò fẹ́ kà á nínú lẹ́tà.

Moṣọpẹ́


Ìbarà, Abẹ́òkúta
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025

Moṣọpẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó le koko mọ́ ọ.

Olúṣínà dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà lé orí tábìlì, kò sì jókòó. Mo ní kó ṣí i. Àwòrán ìyàwó Olúṣínà ni mo rí lójú ẹ̀rọ náà. Mo bi í níbo ni àwọn nǹkan Fẹ́mi wà.

"Bàbá àgbà, mo ti fọ inú rẹ̀ mọ́ kí n tó máa lò ó."

"Fọ kí ni?"

"Ẹrù òkú ni, sà. Wòlíì wa ní kí n má gbé e wọlé pẹ̀lú nǹkan ẹni tó lọ. Wọ́n gbàdúrà sí i, mo wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Ìwọ náà tún un ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín. Mi ò bú u. Ohun tí ọmọ tó gbọ́ràn máa ń ṣe ló ṣe, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gbọ́ràn. Èyí tí kì í gbọ́ràn ni mo sin. Mi ò tilẹ̀ sin ín.

Mo gbé e lọ bá Kọ́láwọlé, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́. Ó ní kí n má tíì sọ̀rètí nù, pé ohun tí wọ́n pa rẹ́ kì í tètè kúrò nínú ẹ̀rọ, àfi bí wọ́n bá ti kó nǹkan mìíràn lé e lórí.

Mo ní, "Ó ti kó nǹkan lé e?"

Ó yí i wò. Ó ní, "Fíìmù ni, Bàbá. Fíìmù pọ̀ níbí."

Ó ti ń wá inú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ní àná, ó ránṣẹ́ pè mí pé òun rí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "esi", láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀, bí Fẹ́mi ṣe máa ń kọ ọ́. Mo dúró tì í lẹ́yìn, mo rí orúkọ náà fúnra mi. Kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí orúkọ nìkan ló kù. Iná lọ kó tó lè ṣí i. Ó ní bí iná bá ti dé lónìí, òun máa gbìyànjú rẹ̀, òun á sì pè mí.

Mo ti kìlọ̀ fún un pé bó bá ṣí, kó má tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Bó bá rí èébú, kó fi sílẹ̀. Bó bá rí àṣìṣe, kó fi sílẹ̀. Mo tún sọ fún un pé kó má kà á, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó máa gbọ́ ìyẹn.

O ní kí n jẹ́ kí o pè mí. O lè pè mí. Ṣùgbọ́n má pè mí lónìí. Bí Kọ́láwọlé bá pè, mi ò fẹ́ kó bá ìlà náà pé ó dí.

Iná ti dé láàárín ọ̀sán. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kò tíì pè.

Bàbá rẹ,
Morákinyọ̀